Lefse ní Apakun: búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí kò nílò kó wú

Ẹ fa búrẹ́dì Agege ya sí méjì, kí ẹ wo inú rẹ̀ dáadáa. Ihò wẹ́wẹ́ ló kún ibẹ̀. Afẹ́fẹ́ ló gbẹ́ àwọn ihò yẹn. Yíìsì ń jẹ ṣúgà, ó ń tú afẹ́fẹ́ kábọ́nì dáyọ́síìdì sílẹ̀, afẹ́fẹ́ náà sì fẹ́ sá lọ. Ohun tó dì í mú ni gluten, ìyẹn okùn pùrótéènì tó máa ń jáde nígbà tí fúláwà àlìkámà bá pàdé omi tí ọwọ́ sì pò ó. Ó ń fà bíi rọ́bà, ó ń wú bíi bàlúùnù. Pákí kò ní in, iṣu kò ní in, Irish kò ní in, àgbàdo pàápàá kò ní in. Bí ẹ bá ń ra búrẹ́dì, okùn yẹn gan-an lẹ ń sanwó fún.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé òkè òkun ni èyí tó pọ̀ jù nínú àlìkámà wa ti ń wá. Díẹ̀ là ń gbìn ní òkè Ọya. Ìyókù ń bọ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi, dọ́là la sì fi ń rà á. Láti oṣù kẹfà 2023 tí wọ́n ti tú náírà sílẹ̀ pé kó lọ wá ipò ara rẹ̀ lọ́jà, kò sí ẹni tó ń gbé Apakun níbí tí kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí owó búrẹ́dì. Mi ò ní tún máa kà á fún yín. Owó ń ga, búrẹ́dì fúnra rẹ̀ ń kéré.

Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lórí oúnjẹ àwọn ará Nọ́rwèy kan tó ń jẹ́ lefse. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o.

Lefse jẹ́ búrẹ́dì pẹlẹbẹ, ó fẹ́lẹ́, ó sì rọ̀ débi pé ẹ lè ká a bí ẹní. Oríṣiríṣi rẹ̀ ló wà, àwọn kan ò ní pòtétò nínú rárá, ṣùgbọ́n èyí tí mò ń sọ ni wọ́n fi Irish sísè, fúláwà díẹ̀, bọ́tà àti mílíìkì ṣe. Wọ́n á tẹ́ ẹ kó fẹ̀ bí àtẹ, wọ́n á fi igi gígùn pẹlẹbẹ gbé e, wọ́n á yan án lórí irin gbígbóná láìsí òróró kankan. Wọ́n lè fi bọ́tà àti ṣúgà pa á lára kí wọ́n tó ká a. Àbúrò rẹ̀ tó kéré, tí wọ́n ń pè ní lompe, ni wọ́n máa ń fi wé sọ́séèjì.

Pòtétò kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ Nọ́rwèy. Orí òkè Andes ní Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti wá. Àwọn ọdún 1700 ló tó máa wọ ibẹ̀ díẹ̀díẹ̀, àwọn àlùfáà ṣọ́ọ̀ṣì sì wà lára àwọn tó ń polongo rẹ̀ fún àwọn àgbẹ̀, títí tí wọ́n fi sọ wọ́n lórúkọ ní àlùfáà pòtétò. Àmọ́ ebi ló jẹ́ kí gbogbo èèyàn gbà á tán. Láàrin 1807 sí 1814, nígbà ogun Napoleon, Nọ́rwèy wà lábẹ́ Dẹ́ńmákì, àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì sì dínà òkun mọ́ ọkà tó ń ti Dẹ́ńmákì bọ̀. Tí ọkà yín bá ń gba orí omi kọjá, tí ẹnì kan wá lọ dúró sórí omi, kí lẹ fẹ́ ṣe? Wọ́n padà sí ohun tó wà nínú ilẹ̀ lẹ́yìnkùlé wọn. Mo rò pé ẹ ti rí ibi tí mò ń lọ.

Àwa náà ti gbìyànjú irú rẹ̀, ó sì ti pẹ́. Ní 1987, ìjọba Babangida fòfin de kíkó àlìkámà wọlé, ó di 1992 kí wọ́n tó ká òfin náà kúrò. Nígbà ìjọba Ọbásanjọ́, ní nǹkan bí 2005, wọ́n ní kí àwọn tó ń lọ fúláwà máa fi ìyẹ̀fun pákí ìdá 10 nínú 100 sí i. Nígbà tó kan ìjọba Jonathan, Akínwùmí Adéṣínà tó jẹ́ mínísítà ètò ọ̀gbìn láti 2011 sí 2015 gbé ọ̀rọ̀ náà ga sí i, wọ́n sì ṣe búrẹ́dì tí pákí inú rẹ̀ tó ìdá 40. Ẹ̀bá ilé wa níbí ni púpọ̀ nínú iṣẹ́ ọpọlọ lórí búrẹ́dì pákí ti wáyé: FIIRO, ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1956, Oshodi ló wà, kò jìnnà sí Apakun rárá. Àwọn ló ń wo iye pákí tí búrẹ́dì lè gbà, tí wọ́n sì ń kọ́ àwọn oníbúrẹ́dì bí wọ́n ṣe máa ṣe é.

Kí ló wá dé tí búrẹ́dì pákí ò fi gbòde títí dòní? Ìdí pọ̀, òṣèlú wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ibi tí wọ́n ti máa rí ìyẹ̀fun pákí tó dáa lójoojúmọ́ náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó kan sáyẹ́ǹsì rọrùn láti lóye. Bí ẹ bá ṣe ń yọ fúláwà kúrò tí ẹ ń fi pákí rọ́pò, bẹ́ẹ̀ ni okùn gluten ń dín kù. Àwọ̀n tó yẹ kó di afẹ́fẹ́ mú ti ń jò. Búrẹ́dì á kúrú, á wúwo, á máa fọ́ sọ́wọ́. Oníbúrẹ́dì á wá máa wá kẹ́míkà àti ọgbọ́n mìíràn tó máa gbé e dìde. Lójú tèmi o, kò sí ohun tó ṣe pákí. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un ni kò bá a mu. Ẹ ò lè sọ pé kí ẹni tí kò ní okùn wá fa omi nínú kànga.

Búrẹ́dì pẹlẹbẹ kò ní afẹ́fẹ́ tó fẹ́ dì mú. Kò nílò kó wú. Ohun kan ṣoṣo tí a fẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni pé kó má ya nígbà tí a bá ń tẹ́ ẹ, kó sì ṣeé ká nígbà tó bá jinná. Iṣẹ́ yẹn, sítáàṣì lè ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, sítáàṣì la sì ní bíi yanrìn.

Ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Nínú Irish tútù, sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan dà bí àpò kékeré tí wọ́n rọ hóró sítáàṣì sí. Tí ooru bá ti dé nǹkan bí 60 sí 70 °C, àwọn hóró náà á fa omi mu, wọ́n á wú, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀. Ẹ ti rí i rí: ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn nígbà tí ẹ bá da omi híhó sí ògì tó sì ki lójijì. Nígbà tó bá tún wá ń tutù, àwọn okùn sítáàṣì kan tó gùn, tí wọ́n ń pè ní amylose, á bẹ̀rẹ̀ sí í so mọ́ra padà. Ògì tó di ẹ̀kọ inú ewé nìyẹn, tí ẹ lè bó, tí ẹ lè gé. Lefse nílò méjèèjì: kó kọ́kọ́ jinná, kó sì tutù pátápátá kí fúláwà tó kàn án.

Ibi tí lefse àti iyán ti pínyà ni odó. Nígbà tí a bá ń gún iyán, ọmọ odó ń fọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì, sítáàṣì inú wọn ń tú jáde, ó ń para pọ̀, ó sì ń fà. Ohun tí a fẹ́ nínú iyán nìyẹn. Nínú lefse, a ò fẹ́ ẹ rárá, nítorí sítáàṣì tó tú jáde á lẹ̀ mọ́ ọwọ́, á lẹ̀ mọ́ pátákó, ẹ ó sì máa da fúláwà sí i ṣáá títí tí gbogbo ètò a-fẹ́-dín-fúláwà-kù máa fi dòfo. Nítorí náà, ẹ má lò odó, ẹ má lò bílẹ́ńdà. Asẹ́ ni kí ẹ fi ọwọ́ ìbọn ṣíbí tẹ̀ ẹ́ gbà, kó jáde wẹ́wẹ́, kí àwọn sẹ́ẹ̀lì lè yà kúrò lára ara wọn láìfọ́.

Ìyá kan tó ń din àkàrà ní ẹ̀bá ilé wa bá mi lẹ́nu iṣẹ́ yìí lọ́jọ́ kan. Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, kí ló dé tí o ò kúkú gún un kó yé ẹ?" Mo ní, "Màmá, bí mo bá gún un, iyán ló máa dà." Wọ́n ní, "Iyán wá burú ni?" Èmi ò rí èsì fọ̀ o. Àmọ́ nígbà tí mo pò ó tán, àwọn náà ló fi àtàńpàkò tẹ̀ ẹ́ tí wọ́n sọ fún mi pé omi ṣì pọ̀ nínú rẹ̀, òótọ́ sì ni. Ọwọ́ tó ti po ẹ̀wà láti ogún ọdún, kò sí ẹ̀rọ tí mo ní ní láàbù tó yára tó o.

Omi ni olórí ọ̀tá. Nǹkan bí ìdá 80 nínú 100 lára Irish ló jẹ́ omi. Ẹ bó o, ẹ gé e sí ńláńlá, kì í ṣe wẹ́wẹ́, torí wẹ́wẹ́ á mu omi sí i. Ẹ gbé e kaná nínú omi tútù kí inú àti ìta lè jinná pọ̀. Irish tó bá ní àwọ̀ ewé lára tó sì korò, ẹ má jẹ ẹ́, májèlé solanine lè wà níbẹ̀. Nígbà tó bá rọ̀, ẹ da omi nù, kí ẹ dá Irish padà sínú ìkòkò lórí iná kékeré fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì kí ooru lé omi tó kù lára rẹ̀ jáde. Ẹ sẹ́ ẹ nígbà tó ṣì gbóná, ẹ po bọ́tà àti iyọ̀ mọ́ ọn, kí ẹ sì tẹ́ ẹ fẹrẹgẹdẹ sórí tíréè.

Àwọn ará Nọ́rwèy máa ń ní kí ẹ gbé e sínú fìríìjì di ọjọ́ kejì. Ìyẹn dùn ún sọ ní Nọ́rwèy. Lọ́dọ̀ wa níbí, iná lè lọ ní aago mẹ́jọ alẹ́ kó má dé títí ilẹ̀ fi mọ́, oúnjẹ sítáàṣì tó ti jinná tó sì wá sùn nínú ooru Èkó, ilé ìtura ló jẹ́ fún kòkòrò Bacillus cereus, èyí tó máa ń fa èébì àti inú rírun lára ìrẹsì àná. Kòkòrò yìí lè ṣe májèlé tí dídáná padà kò lè pa. Nítorí náà, tí fìríìjì yín ò bá ṣeé gbọ́kàn lé, ẹ ṣe é tán lọ́jọ́ kan náà: bí ẹ bá tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ lórí tíréè tí ẹ gbé e síwájú fáànù, tàbí tí ẹ gbé tíréè náà lé orí omi tútù, láàrin wákàtí kan ó ti tutù. Iṣẹ́ tí amylose fẹ́ ṣe, kò nílò odindi òru.

Ìwọ̀n tí mò ń lò ni Irish sísè 500 giráàmù, bọ́tà síbí ìjẹun méjì, iyọ̀ ìdajì ṣíbí kékeré, àti fúláwà 150 giráàmù. Mílíìkì, mi ò fi sí i, omi ti pọ̀ tó. Ẹ má po fúláwà mọ́ ọn àfi tí ẹ bá ti ṣe tán láti máa tẹ́ ẹ. Tí ẹ bá pò ó tí ẹ wá lọ wo fíìmù, iyọ̀ á máa fa omi jáde lára Irish, ẹ ó dé bá nǹkan tó ti ń lẹ̀. Ẹ pín in sí bíi mẹ́jọ, ẹ wọ́n fúláwà sórí pátákó, kí ẹ fi igi tí àwọn oníchin-chin fi ń tẹ́ fúláwà tẹ́ ẹ láti àárín lọ síta títí tó fi fẹ́lẹ́ bí aṣọ. Ìgò tí wọ́n fọ̀ mọ́ náà lè ṣe iṣẹ́ igi.

Páànù gbọ́dọ̀ gbóná gan-an, kó sì gbẹ. Tí iná bá kéré, omi á rọra máa gbẹ lára rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, á sì gan bí páálí. Tí iná bá ga, ìṣẹ́jú kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ti tó, àmì pupa rúsúrúsú á yọ lára rẹ̀, ohun kan náà tó ń mú kí eepo búrẹ́dì àti ẹran sísun pọ́n. Bí ẹ bá ṣe ń gbé e kúrò lórí iná, ẹ kó wọn lé ara wọn, kí ẹ fi aṣọ mímọ́ bò wọ́n. Ooru tó ń jáde lára wọn ló máa mú wọn rọ̀. Ẹni tó bá tú wọn kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan á jẹ bísíkíìtì.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò díẹ̀, torí omi lè tan èèyàn jẹ. 500 giráàmù Irish pẹ̀lú 150 giráàmù fúláwà, lójú lásán, Irish lé ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ṣùgbọ́n tí a bá yọ omi kúrò, ohun gbígbẹ tó wà nínú Irish yẹn kò ju nǹkan bí 100 giráàmù lọ, ti fúláwà sì jẹ́ nǹkan bí 130. Ìyẹn ni pé Irish jẹ́ bí ìdá 43 nínú 100. Ó ṣì ju ìdá 40 tí wọ́n fi pákí dé nínú búrẹ́dì ńlá lọ, láìsí kẹ́míkà, láìsí yíìsì, láìsí ẹ̀rọ, nínú ilé ìdáná ẹni. Fúláwà tó kù níbẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ o, gluten rẹ̀ ni kì í jẹ́ kó ya lábẹ́ igi.

Irish náà kì í ṣe ọ̀pọ̀, láti Jos ló ti ń wá, ọ̀nà sì jìn. Iṣu ló yẹ ká wò. Iṣu funfun ò ní omi tó Irish, ohun gbígbẹ inú rẹ̀ lè tó ìdá 30 nínú 100. Nígbà tí mo lo iṣu sísè 500 giráàmù, fúláwà 100 giráàmù ti tó mi. Ẹ ṣírò ìyẹn náà: iṣu ti kọjá ìdá 60 nínú ohun gbígbẹ. Kókó inú iṣu ni kí ẹ fojú sí, asẹ́ ló máa bá yín yọ ọ́. Òun ni mo fẹ́ràn jù, kó má di pé mo fi í pa mọ́.

Ọ̀dùnkún yàtọ̀ pátápátá. Ó ní ẹ́ńsáìmù kan nínú, beta-amylase, tó ń gé sítáàṣì sí ṣúgà nígbà tí ọ̀dùnkún bá ń gbóná lọ lórí iná. Ìdí nìyẹn tí ọ̀dùnkún tó rọra jinná fi máa ń dùn ju tútù rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n sítáàṣì tó ti di ṣúgà kò lè di nǹkan mú mọ́, á lẹ̀, á sì tètè jóná lórí páànù. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni kí ẹ sọ ọ̀dùnkún sínú omi tó ti ń hó tẹ́lẹ̀, kó lè yára kọjá ibi tí ẹ́ńsáìmù náà ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ohun tí a ṣe fún Irish kọ́ nìyẹn, ẹ má gbà á pọ̀ mọ́ra. Ọ̀dùnkún aláwọ̀ ọsàn ní èròjà tí ara fi ń ṣe fítámì A, ó dáa fún ojú, àmọ́ omi inú rẹ̀ pọ̀, ó máa gba fúláwà ju iṣu lọ.

Ẹnì kan máa bi mí pé pákí ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn hú pákí tí ẹ ò mọ irú rẹ̀, kí ẹ sè é kí ẹ fi ṣe lefse. Pákí ní èròjà linamarin, èyí tó máa ń tú májèlé sáyánáìdì sílẹ̀, ó sì pọ̀ gan-an nínú pákí kíkorò. Rírin, rírẹ àti fífún ni àwọn ìyá wa fi ń lé e jáde. Àwọn ará Caribbean, tí pákí ti ọ̀dọ̀ wọn àti ti Gúúsù Amẹ́ríkà wá bá wa, ní búrẹ́dì pẹlẹbẹ tiwọn tí wọ́n ń pè ní casabe. Wọ́n á rin pákí, wọ́n á fún omi rẹ̀ gbẹ, wọ́n á jọ̀ ọ́, wọ́n á tẹ́ ẹ sórí irin gbígbóná. Kò sí fúláwà nínú rẹ̀ rárá. Ní 2024, UNESCO fi ìmọ̀ ṣíṣe rẹ̀ sínú àkójọ àwọn ohun àjogúnbá aráyé, lórúkọ Cuba, Haiti, Dominican Republic, Honduras àti Venezuela. Ẹ wo bó ṣe jọ gààrí tó! Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ jù lọ ni pé ẹni tó ń yan gààrí kì í sinmi rírò, kí hóró kọ̀ọ̀kan má bàa lẹ̀ mọ́ èkejì, ẹni tó ń ṣe casabe sì ń fi í sílẹ̀ kí wọ́n lè lẹ̀ mọ́ra.

Tí lefse bá kù di ọjọ́ kejì, á ti le díẹ̀. Sítáàṣì tó kù, amylopectin, ló ń fà á. Òun kì í yára so mọ́ra bí amylose, ọjọ́ mélòó kan ló fi ń ṣe é, òun náà ló sì ń mú kí búrẹ́dì gan. Ṣùgbọ́n ìdè rẹ̀ ò lágbára, nǹkan bí 60 °C ti tó láti tú u. Ẹ wọ́n omi díẹ̀ sí i lára, ẹ gbé e sórí páànù gbígbóná ká tó ka 20, ẹ yí i padà. Á rọ̀. Èmi máa ń fi wé ẹyin díndín pẹ̀lú ata tútù, mi ò tíì gbìyànjú ẹ̀wà aganyin.